Tata, Ewé Akíntọ́lá àti Òdòdó Iwájú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ ọgbà òdòdó, ó jẹ mọ́ oko ẹ̀gẹ́, ó sì tún jẹ mọ́ ìtàn òṣèlú ilẹ̀ wa díẹ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kòkòrò náà ni tata.

Ẹni tí ó bá gbin òdòdó sí iwájú ilé ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìjẹ̀bú yóò ti rí i rí. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, olúwarẹ̀ yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, yóò sì bá àwọn kòkòrò kéékèèké dúdú tí wọ́n ṣùjọ sí orí ewé kan ṣoṣo. Àmì tótòtó, yẹ́lò àti funfun, ni ó wà lára wọn. Wọn kò ní ìyẹ́. Bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọn a tú ká. Kí ó tó pẹ́, wọn a tún kó ara wọn jọ. Àwọn ọmọ tata nìyẹn. Wọn yóò bọ́ awọ ara sílẹ̀ nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí wọ́n tó di àgbà, èyí tí ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹta. Nígbà náà ni ara wọn yóò di aláwọ̀ ewé, tí ilà dúdú, yẹ́lò àti pupa rúsúrúsú yóò hàn lára wọn ketekete. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yìí ni ìyẹ́ wọn kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè fò lọ sí ibì kankan. Ìrìn ẹsẹ̀ àti fífò bàdì-bàdì ni tiwọn. Bí a bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, yóò tu omi olóòórùn burúkú sí ọwọ́ wa.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Zonocerus variegatus. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó fún un ní apá kejì orúkọ náà ní 1758, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìn kò sì ju "aláwọ̀ oríṣiríṣi" lọ. Linnaeus kò dé ilẹ̀ wa rí. Òkú kòkòrò tí àwọn arìnrìn-àjò gbé dé ọwọ́ irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ orúkọ. Kò jọ mí lójú, nítorí náà, pé àwọ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ sọ, tí kò sọ ohunkóhun nípa ìwà kòkòrò náà.

Ní tiwa, èdè wa pín ìdílé yìí ní ọ̀nà tí ó wúlò fún àgbẹ̀. Tata yàtọ̀ sí ìrẹ̀, tí ń gbé inú ihò tí ó sì ń ké ní òru. Méjèèjì yàtọ̀ sí eṣú, tí àwọn mìíràn ń kọ ní eéṣú. Eṣú ni èyí tí í wá lójijì láti ọ̀nà jíjìn bí ìkúukùu, tí í jẹ oko run, tí í sì í bá tirẹ̀ lọ. Òun ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lò nínú ìwé Ẹ́kísódù fún ìyọnu tí ó bá ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eṣú àti Èṣù jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn ni ó pín wọn níyà, ẹni tí kì í bá fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ ni ó sì ń da kòkòrò pọ̀ mọ́ òrìṣà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eṣú àti tata ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Eṣú jẹ́ àlejò. Tata jẹ́ ọmọ onílé. Ibi tí ó ti jẹun ní ọdún yìí, nítòsí ibẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ wà, nítòsí ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti jáde ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ kò ní láti wo ojú ọ̀run.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí a ṣe lè mọ̀ pé tata ni ó jẹ òdòdó wa, tí kì í ṣe kòkòrò mìíràn. Tata ní eyín. Ó máa ń gé ewé láti etí wọnú, àwọn ewé a sì rí jákujàku. Ó tún ń jẹ ìtànná òdòdó àti èèpo igi tútù pàápàá. Bí ewé bá lọ́ pọ̀, tí omi dídùn ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí eèrà sì ń tò gun ìtì rẹ̀, kì í ṣe tata. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń fa omi ara ewé mu ni. Bí ohun funfun tí ó dà bí òwú bá dì mọ́ oríkèé ẹ̀ka, òmíràn tí ń fa omi mu nìyẹn, àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ sì mọ ìbátan rẹ̀ dáadáa. Bí ihò bá wà láàárín ewé tí ìgbẹ́ kóró-kóró sì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ wá ọmọ labalábá. Ọṣẹ fífọ̀ tí a pò mọ́ omi a máa pa àwọn tí ń fa omi mu, nítorí pé ara wọn rọ̀. Kì í ran tata tí ó ti dàgbà.

Nísinsin yìí, ìbéèrè tí ó mú mi kọ àròkọ yìí rèé: kí ni ó dé tí àwọn àgbàlagbà ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà fi máa ń sọ pé tata ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò pọ̀ tó báyìí nígbà èwe wọn? Ìdáhùn náà wà nínú òdòdó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdòdó tí a gbìn.

Gbogbo wa ni a mọ ewé Akíntọ́lá. Bí a bá fi oko sílẹ̀ fún ọdún kan, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ewé rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ó ń rùn bí a bá fi ọwọ́ ra á, òdòdó rẹ̀ sì ń tàn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, funfun tí ó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Bí ọmọdé bá fi àdá gé ara rẹ̀ ní oko, ewé yìí ni wọn yóò ra tí wọn yóò fún oje rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n lò tó báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti wà pẹ̀lú wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, láti Florida àti Mexico títí lọ dé Brazil àti Argentina. Chromolaena odorata ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Àlàyé tí wọ́n fara mọ́ jù lọ ni pé ó bá irúgbìn igi Gmelina, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní mẹlínà, wọ Nàìjíríà láti erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ní nǹkan bí 1937. Nígbà tí ó fi máa di 1942, wọ́n ti rí i nínú igbó ìjọba ní agbègbè Enugu. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tàn kálẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti bàtà ènìyàn àti táyà ọkọ̀.

Mélòó nínú yín ni ó ti béèrè ìdí tí ewé kan fi ń jẹ́ orúkọ olóṣèlú? Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Ní 1962, ìjà dé láàárín àwọn méjèèjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí, tí í ṣe Ọọ̀ni Ifẹ̀, kéde pé òun yọ Akíntọ́lá nípò. Akíntọ́lá kọ̀, kò lọ. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó dá ẹjọ́ náà lòdì sí i ní 1963. Síbẹ̀, orí àlééfà ni ó wà títí tí àwọn ọmọ ogun fi pa á ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966.

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ewé náà ní ni "Akíntọ́lá-ta-kú". Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fa ewé yìí tu rí yóò mọ ìdí: a gé e, ó tún hù, a dáná sun ún, ó tún hù láti ìdí. Ó ta kú. Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn, ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pe ohun kan náà. Mo gbà pé ẹgbẹ́ tí àwọn ará ìlú wà ni ó sọ ẹni tí wọn yóò fi ewé náà bú, tàbí tí wọn yóò fi yìn. Èrò tèmi ni èyí, ẹ lè bá mi jiyàn. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé orúkọ náà jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí. Orúkọ olóṣèlú tí ó wà lára ewé yìí kò lè ju àwọn ọdún 1950 lọ, àgàgà "ta-kú" tí ó jọ pé ó tọ́ka sí ìjà 1962. Àwọn ènìyàn wa kò ní orúkọ fún un tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ní oko wọn tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní orílẹ̀-èdè Ghana, níbi tí wọ́n ti ń pe ewé yìí ní Acheampong, orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣèjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978. Ewé kan náà ni. Ní ibi tí ó bá dé, olórí tí ó wà lórí àga ní àkókò náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ.

Kí wá ni ewé Akíntọ́lá ní í ṣe pẹ̀lú tata? Ẹ lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, ẹ wo orí òdòdó rẹ̀. Ẹ óò rí tata tí wọ́n kún orí rẹ̀ fọ́fọ́, tí wọ́n sì fi ewé tútù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Boppré, ti Yunifásítì Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì, kọ nípa èyí ní 1991, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún gbé àyẹ̀wò jáde ní 1994. Ohun tí wọ́n rí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Oúnjẹ kọ́ ni tata ń wá lórí òdòdó yẹn. Oró ni ó ń wá. Oró kan tí wọ́n ń pè ní pyrrolizidine wà nínú òdòdó náà ju inú ewé rẹ̀ lọ. Òórùn rẹ̀ ni ó ń fa tata láti òkèèrè, tata a jẹ ẹ́, a sì fi í pamọ́ sí ara rẹ̀, títí dé inú ẹyin, kí àwọn tí ó fẹ́ pa á jẹ lè máa sá fún un. Àwọ̀ oríṣiríṣi tí Linnaeus rí lára òkú rẹ̀ ní 1758, ìkìlọ̀ ni ó jẹ́ fún ẹyẹ tí ó bá ní ojú: má jẹ mí, mo korò.

Kí ewé Akíntọ́lá tó dé, irú oró bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan ní àyíká tata ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn tí ó dé, tata rí ilé ìṣúra ńlá kan ní ẹ̀bá gbogbo oko. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ ni ó gbà pé èyí wà lára ìdí tí tata ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Igbó rẹ̀ tún ń ṣíji bo ilẹ̀ tí tata ń yé ẹyin sí. Àwọn tí ó bá ń bẹ̀rù fún òdòdó iwájú ilé wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ògiri.

Ibi tí ẹyin wà ni ó mú wa dé ọ̀rọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ láti Centre for Overseas Pest Research ní Lọ́ńdọ̀nù, lára wọn R. F. Chapman, W. W. Page àti Elizabeth Bernays, bá àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí tata. Ọmọ iléeṣẹ́ tí ó gbógun ti eṣú ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni iléeṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù yìí. Iṣẹ́ eṣú ni wọ́n mọ̀: kí a wá agbo rẹ̀, kí a gbé ọkọ̀ òfurufú, kí a da oògùn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn wọ́n rí i pé tata kò gba irú ogun bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì nínú ohun tí wọ́n rí ni ó wù mí jù. Èkíní ni ti ẹ̀gẹ́. Gbogbo ayé ni ó gbà pé tata fẹ́ràn ẹ̀gẹ́, nítorí pé òun ni a máa ń bá ní ìhòòhò lẹ́yìn tí tata bá ti kọjá. Àyẹ̀wò wọn fi hàn pé àwọn ọmọ tata kì í fẹ́ jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí wọ́n bá bù ú jẹ, májèlé cyanide tí ó wà nínú ewé náà a tú jáde, wọn a sì fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ewé bá ti rọ tàbí tí oúnjẹ mìíràn bá ti tán ni wọ́n tó ń jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ẹ̀gẹ́ tí tata jẹ run ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ẹ̀gẹ́ tí òùngbẹ ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀ ni.

Èkejì ni ti ẹyin. Bí oṣù kẹta bá ti ń wọlé, àwọn tata àgbà máa ń fi ibi tí wọ́n ti ń jẹun sílẹ̀, wọn a kó ara wọn jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí abẹ́ igbó kan tí ó ní òjìji, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Ibẹ̀ ni akọ àti abo máa ń wà. Abo a ki ìdí bọ ilẹ̀, a yé ẹyin sínú rẹ̀, a sì fi ìfófòó bò ó, tí yóò gbẹ di àpò. Àpò ẹyin wọ̀nyí kì í jìn ju ohun tí ọkọ́ lè kàn lọ. Àwọn àgbà yóò kú. Ẹyin yóò sì wà nínú ilẹ̀ jálẹ̀ gbogbo ìgbà òjò, oṣù mẹ́fà sí méje, kí ó tó pa ní oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Àwọn baba wa a máa pa òwe pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Tata kò mọ òwe yìí. Ìdí òdòdó tí ó jẹ kọ́ ni ó ń yé sí. Abẹ́ igbó ẹ̀gbẹ́ oko ni.

Ìmọ̀ràn tí ó ti ibẹ̀ jáde rọrùn: kí a ṣọ́ ibi tí tata kó jọ sí láti yé, kí a fi igi sàmì sí i, kí a sì fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ kí oòrùn lè pa ẹyin. Kò gba oògùn. Ohun tí ó gbà ni kí àwọn aládùúgbò ṣe é papọ̀, nítorí pé ẹyin tí ẹnì kan fi sílẹ̀ yóò pa fún gbogbo wọn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Paul Richards, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún yẹn, lọ bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa tata. Ó rí i pé ohun tí tata ń jẹ, ìgbà tí ó ń pa, ohun tí ń pa á, àti ibi tí ó ń yé sí, àwọn àgbẹ̀ mọ̀ wọ́n bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ wọ́n. Wọ́n tún mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kò bi wọ́n: ọdún tí tata pọ̀ jù ní àdúgbò wọn, àti pé tata jẹ́ oúnjẹ àti ọjà fún àwọn obìnrin àti ọmọdé tí kò ní lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ tí ó ti lo àpẹẹrẹ yìí, Indigenous Agricultural Revolution, jáde ní 1985, ó sì gbajúmọ̀ ní gbogbo àgbáyé. Ó dùn mọ́ mi nínú. Síbẹ̀, ìbànújẹ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń ka ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa fi Yorùbá sọ. Ibo ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an wà? Orúkọ wo ni wọ́n ń pe ọmọ tata nígbà tí ó dúdú, orúkọ wo nígbà tí ó ti yọ ìyẹ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí mo bi ní ọ̀rọ̀ yìí, "grasshopper" ni wọ́n mọ̀, wọn kò sì lè ya tata sọ́tọ̀ kúrò lára ìrẹ̀.

Ohun tí ó gba ipò ìmọ̀ yẹn ni oògùn inú ìgò. Gammalin 20 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ jù, láti òpin àwọn ọdún 1950 síwájú. Kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó bá ti wọ ilé, kì í dúró sí ibi tí wọ́n rán an. Wọ́n fi pa tata, wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀wà, àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sí odò láti fi pa ẹja. Lindane ni májèlé tí ó wà nínú rẹ̀. Kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ara ènìyàn, ó sì ń ba iṣan jẹ́. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm fi í sí ara àwọn ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Òmíràn ti rọ́pò rẹ̀ nínú ilé wa. Dichlorvos ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọ́n sí òdòdó iwájú ilé, láìbo imú, nígbà tí ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ fèrèsé. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ṣíṣe ìgò kékeré onímílílítà 100 rẹ̀ àti títà á ní ọjà gbogbogbòò. Ẹni tí ó bá fọ́n ọn sí òdòdó ń pa oyin àti labalábá pẹ̀lú, tata yóò sì tún padà wá láti ẹ̀yìn ògiri ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú ti ń wá ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí eṣú aṣálẹ̀ yọ Áfíríkà lẹ́nu láti 1986 sí 1989, iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní LUBILOSA bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ibùdó IITA ní ẹ̀bá Cotonou, ní orílẹ̀-èdè Benin, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, títí di 2002. Olú kan tí ń pa kòkòrò, Metarhizium, ni wọ́n gbé dìde. Wọ́n po hóró rẹ̀ mọ́ epo kí ọ̀gbẹlẹ̀ má baà pa á, wọ́n sì fọ́n ọn sí tata ní gúúsù Benin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Olú náà wọ ara tata láti òde, ó hù nínú rẹ̀, tata sì kú láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì. Green Muscle ni orúkọ tí wọ́n fi tà á. Olú mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò fọ́n, Entomophaga grylli: bí òjò bá rọ̀ dáadáa, a máa pa tata fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí òkú tata tí ó gun orí ewé lọ tí ó sì di ìtì rẹ̀ mú gírígírí, ẹ má ṣe gbá a dànù. Olú yẹn ni, ẹ jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Dóńgóyárò náà ní ìtàn tirẹ̀. Ilẹ̀ Índíà ni ó ti wá, a sì mọ̀ ọ́n sí oògùn ibà. Ní 1959, Heinrich Schmutterer, ará Jámánì, wà ní Sudan nígbà tí eṣú jẹ gbogbo ewé àyíká run tí ó fi ti dóńgóyárò sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri ayé. Ní 1988, Olaifa àti Adenuga gbé àyẹ̀wò jáde ní orí ẹ̀gẹ́ àti tata ní Nàìjíríà níhìn-ín, dóńgóyárò sì dín ohun tí tata jẹ kù. Kóró inú èso rẹ̀ ni ó lágbára jù, ewé tẹ̀lé e. Kì í pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń mú kí ewé korò lẹ́nu kòkòrò ni, òjò sì ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba imí-eṣú. Ewéko kékeré olódòdó ni, ó ń hù káàkiri àgbàlá wa, Ageratum conyzoides ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ìbátan rẹ̀, Ageratum houstonianum, ni àwọn òyìnbó ń gbìn sí ọgbà nítorí òdòdó aláwọ̀ aró rẹ̀. Ní 1976, William Bowers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí ohun kan nínú ìbátan yìí tí wọ́n pè ní precocene. Ó ń mú kí ọmọ kòkòrò di àgbà láìtó àkókò, tí yóò sì yàgàn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn dán an wò lára eṣú gan-an, ó sì ṣiṣẹ́. N kò sọ pé àwọn baba wa mọ precocene. Ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín pé nínú gbogbo ewé tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé èyí tí ń jẹ́ imí-eṣú ni ohun tí ń ba ayé eṣú jẹ́ ti jáde.

Ní ọgbà mi, oògùn inú ìgò kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, òtútù máa ń mú kí àwọn ọmọ tata wà lójú kan ní ṣóńṣó ewé, níbi tí wọ́n sùn sí. Mo ń gbọn odidi agbo wọn sínú garawa omi ọṣẹ. Mo ń gé ewé Akíntọ́lá ẹ̀yìn ògiri kí ó tó tanná, ní oṣù kẹwàá. Láti òpin oṣù kejì ni mo ti máa ń ṣọ́ ibi tí àwọn àgbà ń rìn lọ, nítorí pé wọn kì í fi ara pamọ́, mo sì ń gún igi sí ibẹ̀. Ọkọ́ ni ó kù. Àwọn tí ó ń fún ọmọ ní tata sísun jẹ, kí wọ́n rántí oró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni irú oró bẹ́ẹ̀ máa ń bà jẹ́, tata tí ó ti ń jẹ òdòdó ewé Akíntọ́lá sì ti kó o sára.

Mo ti ń kó orúkọ jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá wá láti Èkìtì, Oǹdó, Ìgbómìnà, Ẹ̀gbádò tàbí Kétu, ẹ bi ìyá yín àgbà léèrè ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tata dúdú wọ̀nyí kí ìyẹ́ tó yọ lára wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ewé Akíntọ́lá ni tàbí ewé Awólọ́wọ̀.